Ìṣísẹ̀ Tí Stamen Kò Rìn

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí òórùn tàtàṣé sísun máa ń gba gbogbo ìlú Yambol kan. Stamen Ganchev dúró nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní àjà kẹrin, ó ń to ìgò òfìfo sínú àpò ìrìn-àjò. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ti di olóògbé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí abúlé rẹ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilé tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sun tàtàṣé lọ́dọọdún, tí yóò lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tòmátò, tí yóò sè é di lyutenitsa tí òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò máa fi jẹ búrẹ́dì títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń pè é. Bodro ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí Bodro jẹ́, torí òun ló ba nǹkan jẹ́, tàbí kí n sọ òótọ́, àwa la fi í ba nǹkan jẹ́. Áàpù ìlera ni, tí ilé iṣẹ́ kan ṣe fún àwa tí a ti fẹ̀yìn tì. Bí o bá lo oògùn rẹ, o tẹ bọ́tìnnì kan, o gba máàkì mẹ́wàá. Bí o bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, o kọ iye rẹ̀ síbẹ̀, o tún gba mẹ́wàá. Bí o bá ń rìn, fóònù fúnra rẹ̀ ń ka ìṣísẹ̀ rẹ láti inú àpò ṣòkòtò. Iná kékeré kan wà lókè tó ń ka iye ọjọ́ tí o ti ṣe gbogbo èyí láìfo ọjọ́ kankan. Bí o bá fo ẹyọ ọjọ́ kan péré, iná náà á kú, wà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Iná Stamen ti pé igba ọjọ́ ó lé mọ́kànlá.

Ẹ má rò pé àwa àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ń bá ṣeré báyìí. Ilé ìtajà tí a ti ń ra wàrà ń fún wa ní sítíkà tí a ń lẹ̀ mọ́ ìwé títí yóò fi kún. Báńkì ń ní ká yí àgbá kan lójú fóònù ká wo ohun tí a ó jẹ. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ń gbé ní àjà kejì kì í fọ eyín bí ìràwọ̀ ò bá ní já bọ́ láti ojú fóònù ìyá rẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára débi pé bí a bá ṣe ohun tó dáa tí nǹkan kan ò dún, ó máa ń dà bíi pé a ò ṣe é rárá.

Èyí tó wá burú jù ni ìdíje. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni ilé ńlá wa ní: A, B àti V, bí álífábẹ́ẹ̀tì tiwa ṣe tò wọ́n. Bodro sọ àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé di ẹgbẹ́ kan, ó sì ń ka máàkì gbogbo wa pọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gba ipò kìíní nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá parí yóò lọ lo ọjọ́ márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́ níbi omi gbígbóná tó ń sun lábẹ́ òkè. Kò sí eegun ògbólógbòó kan nínú ilé wa tí kò fẹ́ omi yẹn. Tsonka, obìnrin tó jẹ́ alága ẹnu ọ̀nà B, a máa tẹ orúkọ àti máàkì oníkálukú sórí ìwé ní gbogbo ọjọ́ Ajé, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà kí gbogbo ayé lè kà á. Èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí, ẹnu ọ̀nà B ni mò ń gbé. Mo máa ń dúró kà á.

Stamen lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Ó wé ẹ̀rọ mọ́ apá. 158 lórí 94 ló gbé jáde. Bó ṣe ń wò ó ni Gencho wọlé láìkanlẹ̀kùn, nínú bàtà inú ilé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, òun ló ń gbé yàrá tó dojú kọ tirẹ̀, ó sì ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti jọ ń ta ayò lábẹ́ igi iwájú ilé, tí wọ́n sì ń bú ara wọn.

"Kọ 138," ni Gencho sọ, ó yọjú wo ẹ̀rọ náà. "Bọ́ọ̀sì tí o fẹ́ sáré wọ̀ ló gbé e sókè. Tí o bá jókòó díẹ̀, á wálẹ̀."

"Ó gbé e sókè lánàá náà."

"Lánàá, o ń ronú bọ́ọ̀sì òní. Kọ ọ́ jàre! Tó bá kọjá 140, wọn ò ní fún wa ní máàkì márùn-ún ti ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Máàkì méjìlélógójì péré la fi ju ẹnu ọ̀nà A lọ. Wọ́n ní àwọn ti ń di ẹrù."

Stamen kọ 138.

"Ìwọ sì ń lọ sí abúlé tí kò sí nẹ́tíwọ́kì," ni Gencho ń bá a lọ. "Ṣé o ti gbàgbé èṣí ni, Panápaná?"

Stamen ò gbàgbé. Iná ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní abúlé lọ́dún tó kọjá. Ẹnu ọ̀nà B já wá sí ipò kẹta, Tsonka ò kí i fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àwa yòókù sì sọ ọ́ ní Panápaná. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ sí ara ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó ń bá wa rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mi ò rò pé ó dùn mọ́ ọn.

"Mi ò ṣáà lè torí fóònù má sun tàtàṣé," ló dáhùn.

"Ta ló ní kó o má sun ún? Fi fóònù sílẹ̀ fún mi. Ṣebí èmi ni mo máa ń bomi rin òdòdó ẹ tí o bá lọ? Ṣebí kọ́kọ́rọ́ ẹ wà lọ́wọ́ mi? Mà á máa tẹ oògùn fún ẹ, mà á sì fi í sápò rìn. Mo ṣáà ń rìn tèmi náà. Àpò méjì ni ṣòkòtò mi ní."

"Rumyana ọmọ mi ńkọ́? Tó bá pè?"

"Ìgbà wo ló pè ẹ́ gbẹ̀yìn? Àmì ọkàn pupa yẹn náà ló máa ń fi ránṣẹ́. Èmi náà á fi ọkàn ránṣẹ́ sí i. Ó fẹ́ràn mi, o mọ̀."

Ẹ má yára bú Gencho. Bí a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Aládùúgbò ló ń gba lẹ́tà ẹni, òun ló ń fún ológbò ẹni lóúnjẹ, òun ló ń bá ẹni jókòó de àwọn tó fẹ́ tún páìpù ṣe. Ẹni tó bá ní òun ò lè bá èèyàn mójú tó iná orí fóònù fún ọjọ́ mẹ́rin, ahun ni a ó pè é. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú pé ojú tí ọmọ Stamen fi ń wo bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Stamen fa fóònù lé e lọ́wọ́. Ó ki páálí oògùn sínú àpò ìrìn-àjò, sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló gbọ́dọ̀ lo oògùn náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́wàá ló fi ń lò ó mọ́ kọfí àti mọ́ oúnjẹ alẹ́ láìsí ẹni tó rán an létí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bodro ti dé, agogo inú fóònù ló ń sọ fún un pé àsìkò tó, ó sì ti pẹ́ tí orí rẹ̀ ti jọ̀wọ́ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀.

Ìlú Sófíà ni Rumyana, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà ló ti ń ṣiṣẹ́. Eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ náà. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri, ẹṣin kékeré kọ̀ọ̀kan sì ń sáré lójú rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìpè kan tí o bá dáhùn, ẹṣin rẹ á sún síwájú. Bí o bá dìde lọ pe ará ilé rẹ, ẹṣin rẹ á dúró gbagidi, gbogbo gbọ̀ngàn á sì máa wò ó. Nítorí náà, Rumyana ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń wo Bodro láàárọ̀. Wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú bàbá rẹ̀. Bí Stamen bá ti lo oògùn tó sì ti rìn, òbìrípo kan á di aláwọ̀ ewé lójú fóònù Rumyana, òun náà á fi ọkàn pupa ránṣẹ́, wọn á sì fún òun náà ní máàkì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òbìrípo náà di aláwọ̀ ewé ní aago mẹ́jọ. Ó fi ọkàn ránṣẹ́, ọkàn padà wá. Lọ́sàn-án, ó ṣe é bíi kó pe bàbá rẹ̀ kó gbọ́ bí tàtàṣé ọdún yìí ṣe rí. Fóònù dún títí, kò sí ẹni tó gbé e. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi wọlé: *Ọwọ́ mi kún fún tàtàṣé, ọmọ mi. Ara mi le.* Ó rò pé nẹ́tíwọ́kì ti dé abúlé lọ́dún yìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sídìí ẹṣin rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé, ẹnu Dona, obìnrin tí ọgbà rẹ̀ bá ti Stamen pààlà, la ti gbọ́ ọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà, ó rí Stamen tó ń fọ tàtàṣé nínú ọpọ́n. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń di orí mú.

"Bàbá Rumyana, ojú yín mà pọ́n o. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" ni Dona bi í láti orí ọgbà.

"Kò tíì dún," ni Stamen dáhùn.

Dona rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó rẹ́rìn-ín, ó kí i pé ó dàárọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ ọkọ̀ lọ síbi oúnjẹ ogójì ọjọ́ ọkọ àbúrò rẹ̀ tó kú. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló padà dé, tó rí i pé ilẹ̀kùn Stamen ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ó bá a nílẹ̀ nínú àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù ńlá tó fi ń sun tàtàṣé. Tàtàṣé orí rẹ̀ ti di èédú, iná abẹ́ rẹ̀ ti kú, eérú rẹ̀ sì ti tutù. Ẹnu Stamen ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí Dona gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ṣe ló já bọ́. Ojú rẹ̀ ṣí, ó ń wo Dona, ó sì ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìkérora ló ń jáde. Ìrì ti rin gbogbo aṣọ rẹ̀. Dona sáré dé ojú títì kó tó rí nẹ́tíwọ́kì tó fi pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Aago mẹ́wàá ti lé díẹ̀ nígbà tí fóònù Rumyana dún. Ó wà nílé rẹ̀, ó ń mu kọfí. Ìdajì wákàtí ṣáájú ni Bodro ti fún un ní àmì tuntun, tó sì pè é ní Ọmọ Wúrà, nítorí pé ó ti fi ọkàn ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láìfo ọ̀kan.

"Ṣé Rumyana Gancheva ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Dókítà Panova ni mí, láti hòsípítù Yambol. Bàbá yín wà lọ́dọ̀ wa. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù wọ́n."

"Bàbá tèmi? Rárá o. Ara wọn le. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀..."

"Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, kò sí àkókò. Ó dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan kan nínú ọpọlọ wọn. A ní abẹ́rẹ́ tó lè yọ́ ọ, ṣùgbọ́n àárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ la gbọ́dọ̀ fún wọn. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tú sínú ọpọlọ, ó sì lè pa wọ́n. Ìyá tó bá wọn nílẹ̀ ò mọ ìgbà tí wọ́n ṣubú. Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ara wọn yá gbẹ̀yìn?"

Rumyana sáré ṣí Bodro.

"Láàárọ̀ yìí ni! Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje. Wọ́n lo oògùn wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ 126 lórí 80. Wọ́n sì ti rìn, wọ́n ti rìn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìṣísẹ̀ lọ."

"Ọpẹ́ ni. A jẹ́ pé a ṣì wà nínú àsìkò. Wọ́n ń gbé wọn lọ síbi tí a ti ń ya àwòrán orí. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá tíì tú síbẹ̀, mà á fún wọn ní abẹ́rẹ́ náà lójú ẹsẹ̀."

Dókítà pa fóònù. Rumyana ò tíì gbé ojú kúrò lára tirẹ̀. Ó ń wo iye ìṣísẹ̀ náà. Ó ti di 3,214. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, 3,229. Bàbá rẹ̀ nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì hòsípítù, bàbá rẹ̀ sì ń rìn. 3,240. Ó pe nọ́ńbà bàbá rẹ̀, wọn ò gbé e. Ó tún un pè. Ní ìgbà kẹta, ẹnì kan gbé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta nìyẹn?"

"Rumyana, ọmọ dáadáa. Gencho ni. Má jáyà, eré lásán ni. Bàbá ẹ wà lábúlé tó ń sun tàtàṣé, mo kàn ń bá a gbé fóònù rìn ni. Jọ̀ọ́, tó o bá ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà A..."

"Láti ìgbà wo?"

"Ṣé inú ń bí ẹ ni? Wò ó, gbogbo wa la máa..."

"Ẹ dákẹ́! Bàbá mi ti ṣubú lulẹ̀, wọ́n wà ní hòsípítù, dókítà fẹ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó lè pa wọ́n nítorí ohun tí ẹ̀yin ń tẹ̀! Láti ìgbà wo ni fóònù yìí ti wà lọ́wọ́ yín?"

Rumyana ń gbọ́ ariwo ẹyẹlé níbi tí Gencho dúró sí.

"Ọjọ́bọ̀," ló sọ.

"Oògùn aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí?"

"Èmi ni."

"126 lórí 80?"

"Mo kàn rò ó ni."

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí mi lọ́jọ́ Ẹtì, pé ara àwọn le?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Èmi ni. Má bínú sí mi."

Rumyana ti pa fóònù. Ó pe hòsípítù padà, ẹ̀rọ ní kó tẹ oókan, kó tẹ eéjì, kó dúró. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan gbé e, igbe ló bẹ̀rẹ̀: "Ẹ má gún bàbá mi! Ẹ sọ fún Dókítà Panova kó má gún wọn! Irọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni!"

Panova sọ fún un lẹ́yìn náà pé wọ́n ti fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́. Nígbà tó bọ́ sórí fóònù, ìbéèrè kan ló bi í: "Ta ló rí wọn gbẹ̀yìn? Èèyàn ni mò ń wí o, kì í ṣe fóònù."

Dona ni, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó ti tó wákàtí mọ́kàndínlógójì. Àwòrán orí tí wọ́n yà fi hàn pé ibi tó kú nínú ọpọlọ ti fẹ̀. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ náà kúrò.

Rumyana dé Yambol ní aago méjì ọ̀sán. Ó bá Panova ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kúkúrú tó ti rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ò sì le.

"Mà á sọ òótọ́ fún yín. Wọn ò ní kú báyìí. Ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, mi ò lè ṣèlérí. Ọ̀rọ̀ sísọ náà, mi ò lè ṣèlérí."

"Kí ló fà á, Dókítà? Wọ́n ní oògùn lọ́wọ́!"

"Páálí oògùn wà nínú àpò tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú wọn. Ẹyọ kan ò kúrò níbẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ti ga, tó wá fi oògùn sílẹ̀ lójijì fún ọjọ́ méjì, tó tún dúró sídìí iná látàárọ̀, ewu ńlá ni. Àwọn nọ́ńbà tó wà nínú áàpù yẹn, tí mo bá ní kí n tẹ̀ lé wọn, ara wọn le ju tèmi lọ."

"Tí mo bá ti pè wọ́n lánàá ńkọ́?"

"Tí ẹnì kan bá rí wọn láàárín wákàtí mélòó kan tó bẹ̀rẹ̀," ni Panova sọ, "ẹnu tó wọ́, apá tí kò gbé, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó láti pe 112. Kí wọ́n sì wo aago. Aago yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè."

Bí wọ́n ṣe dúró báyẹn ni Gencho dé. Ó di fóònù Stamen mú ní ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ sì wú. Kò tíì lanu tí fóònù náà fi dún lọ́wọ́ rẹ̀. Gencho ti ṣí àgbékalẹ̀ ìdíje tuntun kan ní àárọ̀ yẹn tó fi máàkì kún un bí èèyàn bá mu omi lọ́sàn-án, Bodro sì ń béèrè bóyá Stamen ti mu omi. Ohùn orin kékeré ni, ó dùn létí. Àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú wò wọ́n.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí," ni Rumyana sọ. "Àbí ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́? Máàkì ló kù níbẹ̀ yẹn o."

Gencho jókòó sórí àga, ó bú sẹ́kún. "Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ogún ọdún, Rumyana, ogún ọdún la ti jọ ń ta ayò."

Rumyana fẹ́ sọ̀rọ̀ tó máa dùn ún, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ìgbà náà ló rántí ọgọ́rùn-ún ọkàn tí òun náà ti tẹ̀ láàárín ìmu kọfí kan sí èkejì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì jókòó ti Gencho.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni oṣù kẹsàn-án parí. Ẹnu ọ̀nà B ló gba ipò kìíní. Bodro fi ìkíni ránṣẹ́ sí Stamen, ó pè é ní Akọni Ọ̀sẹ̀. Rumyana kọ lẹ́tà gígùn sí ilé iṣẹ́ tó ni áàpù náà, ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn lọ́jọ́ kejì: wọ́n dúpẹ́ pé ó fún àwọn ní èrò rẹ̀, wọ́n sì fi ogún máàkì ta á lọ́rẹ.

Tsonka pe ìpàdé lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ní inú òun bàjẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n pé bí a bá kọ omi gbígbóná náà, ìyẹn ò ní mú Stamen dìde. Ẹni mọ́kànlá ló lọ. Èmi náà lọ. Omi náà gbóná dáadáa, ó sì ṣe orúnkún mi lóore, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ kejì, a jókòó sínú rẹ̀ títí dé ọrùn, ẹnì kankan ò lè wo ojú ẹnì kejì. Kò sí ìjìyà kankan tí wọ́n fi jẹ wá. Òfin kan ò sí tó ní kí aládùúgbò má ka ìṣísẹ̀ fún aládùúgbò. Ojú tì mí, ìyẹn náà ni mo rí gbà, ó sì kéré sí ohun tó yẹ mí.

Rumyana fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Sófíà, ó sì ti padà wá sí yàrá àjà kẹrin. Stamen wà láàyè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbé e sí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀, àwàdà rẹ̀, èébú orí ayò rẹ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló kù sí i lẹ́nu: "Bẹ́ẹ̀ ni." Panova ní àìsàn náà máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Ṣé ebi ń pa yín, Bàbá? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ ti yó? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ibì kan ń dùn yín? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín? Bẹ́ẹ̀ ni, oògùn náà á sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ níbi tí Rumyana fi í sí. Omi máa ń lé sí i lójú, torí ó mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn. Nítorí náà, Rumyana kì í béèrè mọ́. Ó máa ń jókòó tì í láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á fi oògùn sí i lẹ́nu, á fún un lómi, á sì wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí á fi gbé e mì.

Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, mo mọ̀ pé tìrẹ náà wà níbì kan: iná tí o ò fẹ́ kó kú, ipò tí o ò fẹ́ já kúrò níbẹ̀, òbìrípo kan tó ń sọ fún ẹ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa nílé. Lo agogo fóònù bó bá wù ẹ́, ṣùgbọ́n fi oògùn rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ife tí o fi ń mu kọfí láràárọ̀, kó má bàa jẹ́ fóònù nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé jáde, òun gan-an ni kó o kọ, kó o sì gbé e lọ han dókítà. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni tẹ ohun tí kò ṣe, bó ti wù kí o fẹ́ràn rẹ̀ tó. Àwọn òbí rẹ tí wọ́n dàgbà, má fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí wọn lónìí. Pè wọ́n. Bi wọ́n bóyá ara wọn yá, bóyá wọ́n ti lo oògùn wọn, kí o sì dákẹ́ kí o gbọ́ ohùn wọn dáadáa. Bí wọn ò bá gbé e, pe aládùúgbò wọn, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí wọn. Ṣe é nísinsìnyí, nígbà tí wọ́n ṣì lè dá ẹ lóhùn pé rárá.